Dexamethasone Kì í Ṣe Oògùn Ìsanra
Dexamethasone jẹ́ ọ̀kan lára àwọn oògùn corticosteroid, ìyẹn àwọn oògùn tí wọ́n ṣe láti fara jọ cortisol, èròjà tí ẹṣẹ́ adrenal, ẹran ara kéékèèké méjì tó wà lórí kíndìnrín, máa ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2020, ìwádìí RECOVERY tí Yunifásítì Oxford darí fi hàn pé mílígíráàmù 6 rẹ̀ lójúmọ́ dín ikú kù láàárín àwọn aláìsàn kòrónà tí ẹ̀rọ ń bá mí, ṣùgbọ́n kò ṣe àwọn tí kò nílò ọ́síjìn láǹfààní. Oògùn kan náà yìí ni àwọn kan ń rà ní kẹ́míìsì láìsí ìwé dókítà kí wọ́n lè sanra, bẹ́ẹ̀ omi tó dúró sára àti ọ̀rá tó kó jọ sójú àti ikùn ni wọ́n ń pè ní ìsanra, nígbà tí iṣan apá àti itan ń joro lábẹ́lẹ̀. Bí oògùn náà bá pẹ́ lára, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè ròkè, egungun lè di ẹlẹgẹ́, kòkòrò àrùn a sì tètè rí àyè wọlé. Èyí tó léwu jù ni pé ẹṣẹ́ adrenal, nítorí pé oògùn ti ń bá a ṣiṣẹ́, yóò dẹwọ́, débi pé ẹni tó lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ tó sì dá a dúró lójijì lè dákú, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì já wálẹ̀, ìdí nìyẹn tí dókítà fi máa ń dín in kù díẹ̀díẹ̀.