Owó ìrànwọ́ fún ọmọ oníṣẹ́: ìwé wo ni ọmọ amọ̀kòkò Okelele máa mú wá?

"Iṣẹ́ wo ni bàbá rẹ ń ṣe? Ìyá rẹ ńkọ́?" Ìbéèrè yìí kì í wọ́n nínú fọ́ọ̀mù ìrànwọ́ owó ilé-ìwé. Nínú àwọn ètò kan, orí ìdáhùn rẹ̀ ni gbogbo nǹkan dúró lé. Bí òbí kò bá ti ṣe iṣẹ́ tí wọ́n dárúkọ, ọmọ kò lè rí owó náà gbà, bó ti wù kó mọ̀wé tó.

Èrò tó wà nídìí ẹ̀ kò burú. Lọ́dún 1951, àjọ tó ń bójú tó títa kòkó ní Ghana dá ètò owó ilé-ìwé sílẹ̀ fún àwọn ọmọ àgbẹ̀ kòkó. Owó kòkó ló ń gbé ìlú ró nígbà yẹn, ó sì tọ́ kí ọmọ ẹni tó ń gbin ín jẹ nínú ẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa ní Nàìjíríà, tí ọjọ́ ìrántí àwọn ológun, January 15, bá ti ń sún mọ́lé, wọ́n máa ń fi báájì kó owó jọ fún opó àti ọmọ àwọn sójà tó ti kú.

Àwọn iṣẹ́ méjèèjì yìí ní ìwé. Sójà ní nọ́ńbà. Àgbẹ̀ kòkó Ghana ní ìwé kékeré tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n kòkó tó tà sí.

Ní Ìlọrin ńkọ́? Ní Dada àti Okelele, ọwọ́ ìyá ni ọmọbìnrin ti ń kọ́ ìkòkò mímọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni aṣọ òfì ṣe ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ. Ti ìlẹ̀kẹ̀ lántànà tiẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀. Bí iṣẹ́ kan bá wà tó yẹ ká pè ní iṣẹ́ ìdílé, àwọn nìyí. Àmọ́ ta ló ń fún amọ̀kòkò ní ìwé owó oṣù? Ọmọ òṣìṣẹ́ ìjọba á ṣe fọ́tòkọ́pì ìwé ìgbanisíṣẹ́ bàbá ẹ̀, ó parí.

Owó Ìṣòwò àti Owó Arúgbó tí ìjọba Kwara ṣe kò ní irú ìṣòro yìí, torí ẹni tó fẹ́ gba owó gan-an ni wọ́n ń wò. Ìgbá ọjà ṣeé rí, ọjọ́ ogbó náà kò sì ṣeé fi pamọ́. Ti iṣẹ́ òbí ló le. Ìyá lè ti mọ ìkòkò fún ogún ọdún, kó wá fi sílẹ̀ nítorí ẹ̀yìn ríro tàbí owó igi ìdáná, kó máa ta gàrí báyìí. Fọ́ọ̀mù tó bá béèrè iṣẹ́ tó "ń ṣe" á ti já ọmọ ẹ̀ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ irú ìdílé yẹn gan-an ni ìyà ń jẹ jù. "Iṣẹ́ tó ti ṣe rí" ló yẹ kó wà níbẹ̀.

Ní ti ẹ̀rí, lẹ́tà magàjí nìkan kò tó. Kò sẹ́ni tí kì í mọ ojú ará ilé ẹ̀. Kí olórí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ náà fọwọ́ sí i pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, kí àwọn tó fẹ́ fowó sílẹ̀ rán ènìyàn lọ síbẹ̀. Ìta gbangba ni wọ́n ti ń sun ìkòkò ní Dada. Àwọn àgbàlagbà tó wà nídìí iná yẹn mọ ẹni tó ń ṣe é àti ẹni tó ti ṣíwọ́, wọ́n sì mọ ọmọ tí kálukú bí.