Ó bọ́ lọ́wọ́ jẹjẹrẹ, ó kó sọ́wọ́ gbèsè

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo wa la ti rí irú ẹ̀ lórí WhatsApp: fọ́tò aláìsàn, ìwé dókítà, nọ́ńbà àkáǹtì. A dá ₦2,000, ẹlòmíì dá ₦10,000, a fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù mìíràn. Bí iṣẹ́ abẹ bá yọrí sí rere, a kọ "a dúpẹ́", ọ̀rọ̀ parí. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn "a dúpẹ́" yẹn ni mo fẹ́ ká yẹ̀ wò, pàápàá fún àwọn èèyàn wa ní Òkè-Ògùn.

Ẹ̀ka ìwádìí jẹjẹrẹ ti àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fojú bù ú pé ní 2022, jẹjẹrẹ tuntun tó mú àwọn èèyàn ní Nàìjíríà lé ní 127,000, àwọn tó bá a lọ lé ní 79,000. Àwọn tó kú là ń sọ̀rọ̀ wọn. Àwọn tó yè ńkọ́?

Ẹ mú obìnrin kan ní Ìsẹ́yìn bí àpẹẹrẹ, tó ń fi aṣọ òfì híhun jẹun, tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ ọyàn fún ní Ìbàdàn. Lọ́pọ̀ ìgbà, dókítà á yọ àwọn kókó inú abíyá pẹ̀lú, torí ibẹ̀ ni àìsàn náà sábà máa ń gbà tàn. Lẹ́yìn náà, apá yẹn lè máa wú, kó máa ro ó, kó má lè gbé ẹrù wúwo mọ́. Bó sì jẹ́ gàrí ló ń yan ní Ṣakí, tàbí iṣu ló ń gbìn, ibì kan náà ló já sí. Òṣìṣẹ́ ìjọba lè padà sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀. Lọ́wọ́ tiwa ní Òkè-Ògùn, apá gan-an ni ọ́fíìsì.

Oògùn ò sì tíì tán. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ní irú jẹjẹrẹ ọyàn tí hormone ara ń mú dàgbà ló gbọ́dọ̀ máa lo tamoxifen lójoojúmọ́ fún ọdún 5, nígbà míì ọdún 10. Kì í ṣe òun ló wọ́n jù nínú oògùn jẹjẹrẹ, ṣùgbọ́n ẹ fi oṣù 60 ṣe ìṣirò rẹ̀. Òkè òkun ni púpọ̀ nínú oògùn wa ti ń wá, dọ́là tí kò tó ₦500 ní ọjà ìjọba níbẹ̀rẹ̀ 2023 sì ti kọjá ₦1,500 ní 2024.

Àyẹ̀wò tún wà. Ọ̀nà Móníyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tí ìjọba Mákindé ṣe ti mú ìrìn yá, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀nà dáadáa kì í san owó ọkọ̀. Lítà epo tí kò tó ₦200 kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 kọjá ₦1,000 ní 2024. Ẹni tó ń bọ̀ láti Ṣakí ńkọ́?

Kì í ṣe wàhálà tiwa nìkan. Ìwádìí kan tó jáde ní 2013 ní ìpínlẹ̀ Washington, Amẹ́ríkà, rí i pé àwọn tó ní jẹjẹrẹ tí gbèsè gbé délé ẹjọ́ ju ìlọ́po méjì àbọ̀ àwọn tí kò ní in lọ. Ṣùgbọ́n níbẹ̀, ilé ẹjọ́ lè pa gbèsè rẹ́. Ní tiwa, ilẹ̀ la ó tà, ọ̀kadà la ó tà, a ó sì máa sá fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù.

Ètò ìrànwọ́ wà o, ká má parọ́. Òfin adójútòfò ìlera tí Buhari buwọ́ lù ní 2022 ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní in, ó sì dá àpò owó sílẹ̀ fún aláìní. Ọ̀yọ́ ní OYSHIA tirẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ dá Cancer Health Fund sílẹ̀ fún aláìní tó ní jẹjẹrẹ ọyàn, ti ẹnu ilé ọmọ àti ti prostate. UCH wà lára ilé ìwòsàn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àròyé mi ni pé ìtọ́jú nìkan ni wọ́n ń wò. Ta ló ń wo owó òwò tó ti wọlé oògùn?

Lójú tèmi, ohun méjì ló yẹ kó ṣẹlẹ̀. Kí ìjọba jẹ́ kí wọ́n máa gba oògùn, kí wọ́n sì máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ní Ṣakí àti Ìsẹ́yìn, kó jẹ́ pé ohun tó bá le nìkan ló ń gbé wọn dé Ìbàdàn. Àwa náà, bá a bá ń dáwó, ká yọ díẹ̀ sọ́tọ̀ fún ọdún tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ: oògùn, owó ọkọ̀, òwò kékeré tí apá lè gbé. Ẹ sì forúkọ àwọn òbí yín sílẹ̀ fún adójútòfò nígbà tára wọn ṣì le, ṣùgbọ́n ẹ béèrè ohun tó bò àti ohun tí kò bò kẹ́ ẹ tó sanwó.

A máa ń ní ẹ̀mí ló jù. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ̀mí ń jẹun, ẹ̀mí ń san owó ilé ìwé ọmọ. Ẹ pe ẹni tẹ́ ẹ dáwó fún lọ́jọ́ yẹn, kẹ́ ẹ bi í pé: oògùn oṣù yìí ńkọ́?