Nígbà Tí Ọyẹ́ Bá Mú Ewé Pọ́n

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Kumasi láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, àwọn tó gbin àgbàdo, ata àti tòmátò sí ẹ̀yìnkùlé ní Fante New Town lè rí i pé ewé tó dúdú minimini tẹ́lẹ̀ ti ń pọ́n, ọ̀gbìn náà ò sì ga mọ́. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni pé ilẹ̀ ti ṣá. Wọn a lọ ra ajílẹ̀, wọn a bù ú sí ìdí rẹ̀, síbẹ̀ ewé ò ní yí padà. Owó ti lọ nìyẹn, nígbà tó lè jẹ́ pé ọyẹ́ gan-an ló fa ọ̀ràn náà.

Ewé ni ibi ìdáná ọ̀gbìn, iṣẹ́ méjì ló sì ń ṣe níbẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọ̀ ewé tó wà nínú rẹ̀ á gba ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Èkejì, á fi agbára ìmọ́lẹ̀ náà sọ omi àti afẹ́fẹ́ carbon dioxide di ṣúgà. Òtútù kì í fi bẹ́ẹ̀ dí gbígba ìmọ́lẹ̀ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe ṣúgà kì í lè yára nínú òtútù. Ó dà bí ìgbà tí iná ń jó lala lábẹ́ ìkòkò, tí ọwọ́ ẹni tó ń ro ọkà sì ti kú. Agbára tí kò ríṣẹ́ ṣe yìí ló máa ń padà ba ibi tí ewé fi ń gba ìmọ́lẹ̀ jẹ́. Ìdí nìyẹn tí òru tó tutù, tí òwúrọ̀ tí oòrùn mú ganrínganrín bá tẹ̀ lé e, fi máa ń pa ewé lára ju òwúrọ̀ tí ojú ọ̀run ṣú lọ.

Gbòǹgbò pàápàá kì í fa omi dáadáa nínú ilẹ̀ tútù, nítorí náà ewé lè rọ nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù fún omi.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀gbìn ló rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ olóoru ni àgbàdo, ìrẹsì, ilá àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti wá. Ara wọn kì í lélẹ̀ mọ́ tí ooru bá ti wálẹ̀ ju ìwọ̀n 15 Celsius lọ. Àgbàdo Obatanpa tí wọ́n gbé jáde ní Fumesua, lẹ́bàá Kumasi, ní 1992, àgbàdo ni òun náà. Àlìkámà yàtọ̀: òtútù ọyẹ́ yẹn gan-an ni àwọn àgbẹ̀ agbègbè Kano ń dúró dè kí wọ́n tó gbìn ín.

Ká sòótọ́, òtútù Kumasi kò tó ti Jos, kì í sì í sábà pa ọ̀gbìn. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ kì í dá wá. Afẹ́fẹ́ gbígbẹ rẹ̀ máa ń mú kí ewé pa àwọn ihò tíntìntín ara rẹ̀ dé kí omi má baà tán, carbon dioxide ò sì ní ráyè wọlé. Eruku á tún bo ojú ewé. Ibi kan tí òtútù ti máa ń le ni àfonífojì odò Senegal, níbi tí àwọn àgbẹ̀ onírẹsì ti máa ń sún gbíngbìn ẹ̀ẹ̀rùn sí oṣù Kejì, nítorí pé òru oṣù Kìíní máa ń mú kí ọmọ ìrẹsì pọ́n, kó sì ràn.

Kí ẹni tó ní ọgbà ẹ̀yìnkùlé tó náwó, kó kọ́kọ́ wo ewé tó ń pọ́n. Tó bá jẹ́ àwọn ewé àgbà tó wà nísàlẹ̀ ló kọ́kọ́ pọ́n, ó lè jẹ́ pé ebi ajílẹ̀ ló ń pa á lóòótọ́. Tó bá jẹ́ ewé tuntun tó ń yọ lókè ló funfun, òtútù ló yẹ kó kọ́kọ́ fura sí. Kó fi omi fọ eruku kúrò lára ewé, kó sì fi imọ̀ ọ̀pẹ bo àwọn ọmọ ọ̀gbìn mọ́jú títí oòrùn yóò fi mú ilẹ̀ gbóná díẹ̀. Tí ojú ọjọ́ bá yí padà, ewé tó bá yọ lẹ́yìn rẹ̀ yóò tutù yọ̀yọ̀. Ajílẹ̀ tó ti rà lè dúró di oṣù Kẹta, tí òjò bá bẹ̀rẹ̀.