Ẹ Jẹ́ Ká Jọ Tọ́jú Ọgbà Rhododendron Wa

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ fi Portland, Eugene, Seattle àti agbègbè wọn ṣe ilé, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀. Bí oṣù Kẹrin bá ti dé, tí òjò dẹwọ́, tí oòrùn yọjú díẹ̀, a máa ń múra lọ sí ọgbà Crystal Springs ní Portland. Ibẹ̀ la ti ń ya fọ́tò ìgbéyàwó àti ti ọjọ́ ìbí. A ó dúró ti òdòdó aláwọ̀ àlùkò tó ga ju wa lọ, a ó tún gèlè ṣe, a ó rẹ́rìn-ín, a ó sì fi fọ́tò ránṣẹ́ sílé. Ó tán nìyẹn, ó di àmọ́dún. Mo ń bẹ̀ yín, kó má parí síbẹ̀ lọ́dún yìí. Ọgbà náà ń fẹ́ ọwọ́ tí yóò ṣiṣẹ́, àwọn tó ń ṣe é bọ̀ látẹ̀yìn sì ti ń dàgbà.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìjọba ló dá ibẹ̀ sílẹ̀, pé owó orí wa nìkan ló ń tún un ṣe. Lóòótọ́, ìlú Portland ló ni ilẹ̀ náà. Ṣùgbọ́n ní 1950, nígbà tí ẹ̀gún àti igbó ti bò ó mọ́lẹ̀ lódìkejì Reed College, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ American Rhododendron Society wà lára àwọn tó dìde sí i tó fi di ọgbà. Ẹgbẹ́ náà kò tíì pé ọdún mẹ́wàá nígbà yẹn. Ní Portland kan náà ni wọ́n ti dá a sílẹ̀ ní 1945, kó tó tàn kálẹ̀ Amẹ́ríkà àti Kánádà. Lónìí, ohun tí wọ́n gbìn síbẹ̀ ju 2,500 lọ: rhododendron, azalea tó jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀, àti àwọn ewéko mìíràn tó mọ bí a ti ń bá wọn gbé. Omi yí wọn ká, pẹ́pẹ́yẹ sì ń rìn fàlàlà lójú ọ̀nà. Títí di báyìí, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn ṣì ń kó ipa ńlá nínú ìtọ́jú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n rán yín létí ohun tí àwọn obìnrin Washington ṣe. Ní 1892, wọ́n ń múra de ìpàtẹ àgbáyé tí yóò wáyé ní Chicago lọ́dún tó tẹ̀lé e, wọ́n sì fẹ́ òdòdó kan tí yóò dúró fún ìpínlẹ̀ wọn. Lákòókò yẹn, wọn kò ní ẹ̀tọ́ láti dìbò yan gómìnà. Wọn kò jókòó máa kẹ́dùn. Wọ́n gbé àpótí ìbò kalẹ̀ káàkiri ìpínlẹ̀, wọ́n dìbò láàárín ara wọn, rhododendron inú igbó etíkun sì fi ẹ̀yìn clover balẹ̀. Ó di 1959 kí òfin tó wá fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pátápátá. Àwọn tí kò ní ipò kankan ló kọ́kọ́ pinnu, ìjọba wá tẹ̀lé wọn. Bẹ́ẹ̀ náà lọ̀rọ̀ àwọn ọgbà rhododendron rí títí dòní: ibi tí ẹgbẹ́ bá ti lágbára, ọgbà á gún régé, ibi tí ẹgbẹ́ bá ti tú, èpò á gbà á.

Kí ni wọ́n ń ṣe gan-an lọ́jọ́ iṣẹ́? Ọ̀wẹ̀ ni. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ á kóra jọ láàárọ̀, ẹnì kan á pín iṣẹ́, ẹlòmíràn á gbé kọfí wá. Àwọn kan á máa fi bárò kó èèpo igi tí wọ́n ti gé wẹ́wẹ́ lọ sí ìdí òdòdó, torí ilẹ̀ tó kan díẹ̀, tó rọ̀, tí omi kì í dúró sí ni igi yìí fẹ́, èèpo náà ni kì í jẹ́ kí oòrùn gbẹ ìdí rẹ̀. Àwọn mìíràn á máa fa ẹ̀gún àti ivy tu. Bí òdòdó bá wá rọ lóṣù Karùn-ún sí ìkẹfà, iṣẹ́ tó gba ọwọ́ jù lọ bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ṣíṣẹ́ àwọn ìdì òdòdó tó ti gbẹ, kí igi má bàa fi agbára rẹ̀ ṣòfò sórí èso. Ẹ ó fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e di ìsàlẹ̀ ìdì náà mú, ẹ ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, yóò dún pọ́, yóò sì bọ́ sí yín lọ́wọ́. Oje rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ yín níka. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó ṣẹ́ ẹ. Lábẹ́ ibẹ̀ gan-an ni ìrúdí tuntun wà, ó kéré, ó tutù yọ̀yọ̀, òun ni yóò di ẹ̀ka tí òdòdó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti jáde. Ẹni tó bá kánjú á ṣẹ́ méjèèjì pọ̀. Igi ńlá kan ṣoṣo lè ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú ìdì bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀rọ tó lè bá wa ṣe é. Ìka èèyàn ló ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lóko, ẹ gbọ́ èyí: ẹ fi ọkọ́ sílé. Gbòǹgbò rhododendron tín-ín-rín, òkè ilẹ̀ ló sì ń tẹ́ sí. Ẹni tó bá gbé ọkọ́ sí ìdí rẹ̀ ti gé e sọnù nìyẹn. Ọwọ́ la fi ń fa èpò rẹ̀. Bákan náà, bí a bá ń gbìn ín, a kì í rì í jìn. Orí gbòǹgbò rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ilẹ̀ dọ́gba tàbí kó yọ díẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń fi irú ìmọ̀ yìí kọ́ ẹni tuntun, wọn kì í ṣahun rẹ̀ rárá.

Àsìkò tó le la sì wà. Láti nǹkan bí 2009 ni kòkòrò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní azalea lace bug ti wọ Oregon. Abẹ́ ewé ló ń gbé, oje ewé ló ń mu. Bí ẹ bá yí ewé sókè, ẹ ó rí àmì dúdú tótòtótò tó yà síbẹ̀. Lókè, ewé náà á ti ṣì, á funfun wàìwàì. Ọ̀kan nínú ohun tó ń ran igi náà lọ́wọ́ ni kí á fi omi tó le fọ abẹ́ ewé nígbà tí àwọn ọmọ kòkòrò náà ṣẹ̀ṣẹ̀ pa, kí wọ́n tó yọ ìyẹ́. Ìyẹn gba kí èèyàn máa yí ewé wò lásìkò, igi kan tẹ̀ lé òmíràn. Ooru náà ń bẹ níbẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹfà 2021, ooru Portland ju ìwọ̀n 46 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, irú rẹ̀ kò sí rí nínú àkọsílẹ̀ ìlú náà. Ewé rhododendron tó kọjú sí oòrùn jó gbẹ nínú ọgbà àti lágbàlá ilé. Irú ooru bẹ́ẹ̀ lè tún dé. Tó bá dé, ta ni yóò máa fa rọ́bà omi kiri láàárín igi? Ṣé ẹni ọgọ́rin ọdún ni?

Ọ̀rọ̀ àwọn àgbà yìí ló ń ká mi lára jù. Ní ẹ̀ka púpọ̀ nínú American Rhododendron Society, àwọn tó ń gbé ẹgbẹ́ ró ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tipẹ́. Àwọn kan nínú wọn gbin hóró tó kéré bí eruku, wọ́n dúró ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tanná àkọ́kọ́, wọ́n sì mọ igi tó bí igi kọ̀ọ̀kan nínú àgbàlá wọn. Orí wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá kú, tí kò sẹ́ni tó ti bá a rìn nínú ọgbà rẹ̀ kọ orúkọ igi sílẹ̀, ẹni tó ra ilé lè fi katakata hú gbogbo rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan ṣoṣo. Òfò tó tó ohun à ń sunkún sí nìyẹn, ó sì ṣeé dènà. Ní erékùṣù Whidbey ní ìpínlẹ̀ Washington, Ann Meerkerk àti ọkọ rẹ̀, Max, gbin ọgbà rhododendron ńlá kan. Nígbà tí Ann kú ní 1979, ẹgbẹ́ rhododendron ti Seattle ló fi ọgbà náà sílẹ̀ fún, kì í ṣe oníṣòwò ilẹ̀, àwọn ará ìlú sì ń gbádùn rẹ̀ títí dòní. Ohun tó jẹ́ kó ṣeé ṣe ni pé ẹgbẹ́ kan wà tó lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Nígbà ìrúwé, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ máa ń ṣe ìpàtẹ: olúkúlùkù á gé ìdì òdòdó tó dára jù lágbàlá rẹ̀, á fi sínú ìgò, wọ́n á tò ó sórí tábìlì gígùn, adájọ́ á wá yan èyí tó ta yọ. Ẹni tó wọ ẹgbẹ́ lánàá lè gbégbá orókè níwájú ẹni tó ti ń gbìn ín láti ìgbà èwe. Wọ́n máa ń ta igi kékeré, wọ́n ń pín hóró fúnra wọn káàkiri ayé, wọ́n ń fi ẹ̀ka tí wọ́n gé kọ́ ara wọn bí a ti ń mú un ta gbòǹgbò, wọ́n sì jọ ń jẹun.

Àwọn ìyá wa tó wá láti Ìbàdàn, Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Abẹ́òkúta wá bá ọmọ tọ́ ọmọ ni mo fẹ́ kí ìpè yìí dé ọ̀dọ̀ wọn ṣáájú. Ọmọ á ti lọ síbi iṣẹ́, ọmọ-ọmọ á ti lọ síléèwé, ìyá á kù sílé pẹ̀lú tẹlifíṣọ̀n láti àárọ̀ dalẹ́. Obìnrin tó ti gbin ẹ̀fọ́, tó ti gbin ata, tó jẹ́ pé bó bá fọwọ́ kan ilẹ̀ báyìí ó ti mọ̀ bóyá ó ń fẹ́ omi, òun la tì mọ́lé! Ẹ gbé wọn lọ sí ọjọ́ iṣẹ́. Èdè kì í dènà nídìí igi. Bí wọ́n bá fi bí a ti ń ṣẹ́ òdòdó gbígbẹ hàn án lẹ́ẹ̀kan, ó ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Yóò bá ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdé níbẹ̀, àwọn àgbà tí ọmọ tiwọn náà ti lọ síbi iṣẹ́.

Ẹnì kan lè ní, "Òdòdó tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa, kí ló kàn wá nínú rẹ̀?" Òótọ́ ni pé nínú irú rhododendron tó ju 1,000 lọ, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà. Òkè Himalaya, gúúsù ìwọ̀-oòrùn Ṣáínà àti àwọn erékùṣù Éṣíà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá. Ṣùgbọ́n igbó tí wọ́n ti wá ń dín kù: ìwádìí tí àwọn onímọ̀ ewéko gbé jáde ní 2011 fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin wọn ló wà nínú ewu ìparun. Irú èyí tó ń lọ ní Himalaya lè máa wà láàyè ní ìlú Federal Way ní Washington, níbi tí Rhododendron Species Botanical Garden ti ń tọ́jú ọgọ́rọ̀ọ̀rún irú wọn. Orí ilẹ̀ yìí kan náà ni ọmọ wa ti ń sáré ṣeré. Ó kàn wá.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Britain àti Ireland, ìpè tiyín gba ọ̀nà mìíràn. Rhododendron ponticum tí àwọn ọlọ́lá gbìn sí àgbàlá wọn nígbà kan ti sá wọ igbó, ó ń ṣíji bo ilẹ̀, kò jẹ́ kí igi kékeré rí ìmọ́lẹ̀ dàgbà. Gígé e kúrò ni iṣẹ́ rere níbẹ̀, àwọn tó yọ̀ǹda ara wọn sì ń ṣe é. Ẹ dara pọ̀ mọ́ wọn. Kí gbogbo wa sì rántí pé májèlé wà nínú ewé àti òdòdó igi yìí: ẹ má jẹ́ kí ọmọdé kó o sẹ́nu, ẹ má fi bọ́ ewúrẹ́.

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Kí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kọ̀ọ̀kan, kí ẹgbẹ́ akọrin nínú ìjọ, kí ẹgbẹ́ àwọn ìyá ní mọ́sálásí, yan Sátidé kan. Kí ẹnì kan pe ẹ̀ka American Rhododendron Society tó sún mọ́ yín, kó béèrè ọjọ́ iṣẹ́ wọn. Ẹ mú ìbọ̀wọ́ àti bàtà òjò dání, ẹ mú àwọn ọmọ lọ́wọ́. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ kí àwọn àgbà bí a ti ń kí àgbà, ẹ béèrè orúkọ igi lọ́wọ́ wọn, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ san owó ẹgbẹ́. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ṣe akọ̀wé tàbí akápò, ẹ má kọ̀. Ẹ pè wọ́n lọ́sẹ̀ yìí.