Ọjà orí fóònù náà nílò Ìyálọ́jà

Bí èèyàn bá ra aṣọ ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Ẹwi nílùú Adó-Èkìtì, tó délé tó rí i pé aṣọ náà ti ya, ó mọ ibi tó máa gbà. Á padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún un. Tí onítọ̀hún bá yarí, àwọn tó pàtẹ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á dá sí i. Tí ìyẹn ò bá tán an, ọ̀rọ̀ lè dé etí Ìyálọ́jà. Mi ò sọ pé gbogbo ìgbà ni oníbàárà máa ń jàre o. Àmọ́ kò sí ẹni tó máa palẹ̀ ìsọ̀ rẹ̀ mọ́ lóru nítorí aṣọ kan ṣoṣo.

Lórí Instagram, Facebook àti TikTok, ìṣẹ́jú kan ti tó láti palẹ̀ ìsọ̀ mọ́. Ohun tó yẹ kó máa bí wa nínú nìyẹn, dípò ká máa fi àwòrán "what I ordered vs what I got" rẹ́rìn-ín lójoojúmọ́.

Lọ́dún tó kọjá, wọ́n pe àbúrò mi obìnrin fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò níbi iṣẹ́ kan. Aṣọ là ń kí ká tó kí èèyàn, nítorí náà a wá súùtù tó bójú mu fún un. Ìpolówó kan tó ń yọjú ṣáá lórí fóònù wa ló gbé e jáde: súùtù búlúù, aṣọ rẹ̀ nípọn, ó ní láínìn nínú, ó sì bá ara mu. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sójú òpó wọn pé Ọjà Ọba, Adó-Èkìtì, ni ìsọ̀ àwọn wà. Mo san ₦32,000 tí wọ́n ní ká san. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bíi kọ́tìnì ni ọlọ́kadà gbé wá. Ọwọ́ kan gùn ju èkejì lọ, láínìn kankan ò sì sí níbẹ̀. Nígbà tí a kọ̀wé sí wọn, gbólóhùn méjì ni wọ́n fi fèsì: "Payment validates order. No refund." Lẹ́yìn náà ni wọ́n block wa. Súùtù ọ̀rẹ́ ni àbúrò mi yá wọ lọ.

Mo lọ sí Ọjà Ọba láti wá ìsọ̀ náà. Mo béèrè lọ́dọ̀ àwọn alánkárá, mo béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta aṣọ rírán, kò sẹ́ni tó mọ orúkọ náà. Ìyá kan tiẹ̀ sọ fún mi pé èmi kọ́ lẹni àkọ́kọ́ tó ń béèrè. Ṣé ẹ rí i? Orúkọ rere tí àwọn tó ń pàtẹ níbẹ̀ fi òógùn wọn kọ́ ni ẹnì kan jí gbé láti fi lu èèyàn ní jìbìtì. Ó lu àwa, ó sì tún ba àwọn náà lórúkọ jẹ́.

Mo kàwé nípa òfin, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé "no refund" tí wọ́n ń kọ kiri yẹn kì í ṣe òfin. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ láti dáàbò bo ẹ̀tọ́ oníbàárà, èyí tí Ààrẹ Muhammadu Buhari buwọ́ lù lóṣù Kìíní ọdún 2019, sọ̀rọ̀ lórí rẹ̀ ní abala 122. Bí oníbàárà kò bá láǹfààní láti yẹ ọjà wò kí wọ́n tó gbé e wá fún un, tí ọjà náà kò sì bá àpèjúwe tí wọ́n ṣe mu, ó lè dá a padà láàárín àsìkò tó bọ́gbọ́n mu, kó sì gba gbogbo owó rẹ̀. Abala 125 ka irọ́ pípa nípa ọjà léèwọ̀. Òfin kan náà ò gbà kí ọlọ́jà fi àdéhùn gba ẹ̀tọ́ yìí mọ́ oníbàárà lọ́wọ́. Ẹni tó bá tàpá sí i lè lọ ẹ̀wọ̀n ọdún 5, tàbí kó san owó ìtanràn tó lè tó ₦10 mílíọ̀nù, tàbí kó jẹ méjèèjì pọ̀.

Àwọn ọlọ́jà orí ayélujára tó jẹ́ olóòótọ́ náà ní ẹjọ́ tiwọn. Wọ́n á ní àwọn oníbàárà kan máa ń wọ aṣọ lọ òde ní Sátidé, kí wọ́n tó dá a padà ní Mọ́ńdè. Òótọ́ ni, ìwàkiwà sì ni. Àmọ́ òfin ò sọ pé ẹni tó kàn yí ọkàn padà, tàbí tó ti wọ aṣọ jó lóde, lè wá gbowó. Ọjà tí kò bá ìpolówó mu ni òfin ń wí. Ọlọ́jà tó bá fi ohun tó polówó ránṣẹ́ kò ní nǹkan kan láti bẹ̀rù.

Bí òfin bá wà, kí ló dé tí wọ́n fi ń lù wá ní jìbìtì láìbẹ̀rù? Torí pé owó náà kéré ni. Kò sẹ́ni tó máa gba lọ́yà nítorí ₦32,000. Àwọn oníjìbìtì mọ èyí dáadáa. Ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹnì kan ò tó gbé lọ sí kóòtù, àmọ́ tí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ ọgọ́rùn-ún èèyàn, ó di ₦3.2 mílíọ̀nù. Ìpínlẹ̀ Èkó dá kóòtù Small Claims sílẹ̀ lọ́dún 2018 fún gbèsè tí kò ju ₦5 mílíọ̀nù lọ, kí ẹjọ́ lè tètè parí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kóòtù tó yára jù lọ náà máa béèrè orúkọ àti àdírẹ́sì ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́. Níbo la fẹ́ gbé ìwé ìpẹ̀jọ́ lọ fún ìsọ̀ tí kò sí?

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Ìyálọ́jà ti wọlé. Ọjà tí a fi ẹsẹ̀ rìn lọ ní ẹni tó mọ ẹni tó ń tà níbẹ̀, tó sì lè pè é jáde. Lórí Instagram àti Facebook, Meta ló ń gbowó ìpolówó. Ẹni tó ń gbowó ìsọ̀ ò lè sọ pé òun ò mọ ẹni tó wà nínú ìsọ̀. Òfin ARCON ti ọdún 2022 ní ìpolówó gbọ́dọ̀ gba àyẹ̀wò kó tó jáde. Lóṣù Kẹwàá ọdún yẹn, ARCON gbé Meta lọ sí kóòtù, ó sì béèrè ₦30 bílíọ̀nù nítorí àwọn ìpolówó tí kò gba àyẹ̀wò.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti Nàìjíríà nìkan. Àjọ FTC ní Amẹ́ríkà sọ pé nínú àwọn tó fẹjọ́ sùn lọ́dún 2021 pé jìbìtì orí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ gba owó àwọn lọ, ìdá 45 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ lórí ọjà rírà. Lọ́dún 2022, ilé aṣọ Fashion Nova gbà láti san $4.2 mílíọ̀nù lórí ẹ̀sùn tí FTC fi kàn án pé ó ń fi èsì àwọn oníbàárà tí inú wọn ò dùn pamọ́. Ṣé kì í ṣe ohun kan náà ni àwọn ojú òpó tó ń ti comment pa níbí ń ṣe?

Ohun mẹ́ta ló yẹ kí FCCPC àti ARCON fi dandan lé. Kí Meta àti TikTok mọ orúkọ àti àdírẹ́sì ọlọ́jà dájú kí wọ́n tó gba ìpolówó rẹ̀. Kí owó dúró lọ́wọ́ ẹni kẹta títí oníbàárà á fi rí ọjà rẹ̀. Kí ibì kan sì wà tí èèyàn lè fi èdè rẹ̀ mú ẹjọ́ kékeré lọ, kí wọ́n dá a láàárín ọjọ́ mélòó kan.

Títí ìyẹn á fi ṣẹlẹ̀, ẹ má sanwó fún ẹni tó kọ̀ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ aṣọ wò. Ẹ fi screenshot ìpolówó pa mọ́, ẹ gba rìsíìtì, kí ẹ sì wo orúkọ ìsọ̀ náà lórí ìkànnì CAC. Tí wọ́n bá ti lù yín ní jìbìtì, ẹ tètè sọ fún báǹkì yín, kí ẹ sì kọ̀wé sí FCCPC, ì báà jẹ́ ₦5,000 péré. Ìwé ẹnì kan lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan. Àmọ́ bí ọgọ́rùn-ún èèyàn bá kọ̀wé lórí ojú òpó kan náà, kò ní ṣeé fojú pa rẹ́.