Ẹ Má Fi Ìkánjú Fọ Owó Késárì

Ẹ ó rántí owó òde tí a mú tọ Olúwa wa wá, tí Ó sì béèrè nípa àwòrán àti àkọlé tí ó wà lára rẹ̀. Ohun méjì yìí náà ni àwọn tí ń kó owó Róòmù àtijọ́ jọ ń wá títí di òní. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ẹlòmíràn a máa ra irú owó idẹ bẹ́ẹ̀ láìfọ̀, pẹ̀lú erùpẹ̀ tí ó ti le mọ́ ọn lára, wọn a sì máa fi ìrọ̀lẹ́ wọn tọ́jú rẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú dára fún àwo idẹ ilé, ṣùgbọ́n ìparun ni wọ́n jẹ́ fún owó tí ó ti wà nínú ilẹ̀ fún 1,600 ọdún. Idẹ àtijọ́ a máa ní awọ kan lára, tí ó dàbí ewé tàbí ilẹ̀ ní àwọ̀; lára awọ yìí gan-an ni lẹ́tà àti ojú ọba sábà máa ń kù sí. Bí ó bá ṣí, ègé idẹ dídán lásán ni yóò kù.

Omi tí a sè, tí a gba oru rẹ̀, ni kí a rẹ owó náà sí, kí a sì máa pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ díẹ̀. Ó lè gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, àní oṣù pàápàá. Bí erùpẹ̀ bá rọ̀, igi ìtayín ni kí a fi ṣí i, kì í ṣe ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà kí a jẹ́ kí ó gbẹ dáadáa, nítorí ọ̀rinrin àti iyọ̀ ilẹ̀ a máa jẹ idẹ di ìyẹ̀fun.

Ẹ wo ohun tí ìkánjú lè bàjẹ́. Constantine, ẹni tí ó fi àyè gba ìsìn Kristi ní 313, ní ọmọ kan tí ń jẹ́ Constantius. CONSTANTINVS ni a kọ sára owó bàbá, CONSTANTIVS sára ti ọmọ: lẹ́tà N kan ṣoṣo ni ó yà wọ́n! Ọmọ mìíràn tilẹ̀ jẹ́ orúkọ bàbá gan-an; IVN, èyíinì ni “kékeré”, ni a fi ń dá a mọ̀ nígbà tí bàbá wà láàyè.

Kí a wá yí owó padà. Bí àwọn ọmọ-ogun méjì bá dúró pẹ̀lú àsíá méjì láàárín wọn, a rọ ọ́ láàárín 330 àti 335. Bí àsíá bá jẹ́ ẹyọ kan, lẹ́yìn ìgbà náà ni. Nísàlẹ̀ ni àmì ìlú tí a ti rọ ọ́ wà: TR ni Trier ní Jámánì, AN ni Áńtíókù, níbi tí orúkọ Kristiẹni ti kọ́kọ́ jáde.

Èyí tí a kò bá rí kà, kí a dá a padà sínú omi.