Ohun Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀fà: Èrò Mi Lórí Ọkọ̀ Háyà Àwìn

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ẹni tó da eérú ni eérú ń tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin Ìlú Ọba rí lórí ọ̀rọ̀ ìjàǹbá ọkọ̀. Bí ẹnì kan bá fi ọkọ̀ rẹ̀ gbá tiwa, tí ẹ̀bi sì jẹ́ tirẹ̀, òun ni yóò tún tiwa ṣe. Òun náà ni yóò san owó ọkọ̀ tí a ó máa lò kí tiwa tó jáde lọ́dọ̀ mẹkáníìkì. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò rẹ̀ ni yóò bá a san án. Ṣùgbọ́n kí owó náà tó jáde ńkọ́? Ibẹ̀ ni àwọn oníháyà àwìn ti rí ọjà tà. Wọn á gbé ọkọ̀ fún ẹni tí a gbá lójú ẹsẹ̀, wọn kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn á ní lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi làwọn yóò ti gba tàwọn.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí ṣe akọ̀wé fún ọdún mẹ́rin ní ilé-iṣẹ́ adójútòfò kan níbẹ̀. Bí àwọn oníháyà bá ti kọ iye owó wọn wá, iṣẹ́ tèmi ni láti wá ibi tí a ó ti gé e kù. Ìbéèrè mẹ́rin ni mo máa ń bi wọ́n. Ǹjẹ́ ẹni náà nílò ọkọ̀ ní tòótọ́? Ǹjẹ́ èyí tó gbà kò ju tirẹ̀ lọ? Ǹjẹ́ ọjọ́ tó fi lò ó kò pọ̀ jù? Ǹjẹ́ owó ojúmọ́ rẹ̀ kò ju ti ọjà lọ?

Ìbéèrè kẹrin yìí ló fa ẹjọ́ jù. Ní 1993, nínú ẹjọ́ Giles àti Thompson, Ilé Àwọn Lọ́ọ̀dù, tí í ṣe ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ nígbà náà, sọ pé òwò háyà àwìn kò lòdì sófin, ṣùgbọ́n kí ẹni tó gba ọkọ̀ fi hàn pé òun nílò rẹ̀. Ní 2000, nínú ẹjọ́ Dimond àti Lovell, wọ́n ní a kò lè gba àlékún tó wà lórí àwìn lọ́wọ́ ẹni tó jẹ̀bi; iye tí oníháyà lásán ń gbà ni kí ó san. Ìyẹn dára fún olówó. Tálákà tí kò ní ohun tí yóò kó sílẹ̀ ńkọ́? Ní 2003 ni ìdáhùn dé, nínú ẹjọ́ Lagden àti O'Connor. Ọ̀gbẹ́ni Lagden kò níṣẹ́ lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀nà tó lè gbà rí ọkọ̀ lò bí kò ṣe àwìn. Adájọ́ mẹ́ta nínú márùn-ún ní kí a san owó náà pé.

Ìdájọ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ní òun jẹ́ tálákà gbọ́dọ̀ fi hàn, ìwé báńkì rẹ̀ la sì máa ń béèrè.

Lọ́jọ́ kan, ìwé ìyá kan, ọmọ Yorùbá, dé orí tábìlì mi. Owó tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́rin pọ́n-ùn wà ní báńkì rẹ̀ nígbà tó gba ọkọ̀. Ọ̀gá mi ní, "Èyí kì í ṣe tálákà." Mo wò ó dáadáa. Iye kan náà ló ń wọlé láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́wàá ní ìparí oṣù. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, gbogbo rẹ̀ ti jáde. Èésú ni! Ìyá náà ni olórí èésú. Owó olówó ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Mo mọ̀ ọ́n, mo sì dákẹ́. Mo fọwọ́ sí lẹ́tà tó sọ pé ó lówó lọ́wọ́. Iye ọjà la san, ìyókù di gbèsè sí i lọ́rùn, nítorí orúkọ tirẹ̀ ló wà lábẹ́ ìwé àdéhùn tí ẹnikẹ́ni kò túmọ̀ fún un.

Àwọn kan á ní olè ni àwọn oníháyà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀. Ìgbìmọ̀ tí ń rí sí ìdíje ọjà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò láti 2012 títí di 2014, wọ́n sì rí i pé ẹni tí ń sanwó kọ́ ló ń ṣe ètò ọkọ̀, èyí tí ń sọ owó di púpọ̀ fún gbogbo awakọ̀. Síbẹ̀, bí a bá pa òwò náà rẹ́, ẹsẹ̀ ni tálákà yóò fi máa rìn. Èrò tèmi ni pé kí á fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí á ka ìwé àdéhùn náà fún ẹni tí yóò fọwọ́ sí i ní èdè tó yé e, kí akọ̀wé tó bá sì mọ òótọ́ má ṣe dákẹ́ bíi tèmi.

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ òkèèrè lásán ni. Láti 1945 ni a ti ṣe òfin adójútòfò ọkọ̀ ní ilẹ̀ wa. Ní oṣù kìíní 2023, owó tí onímọ́tò ń san lọ́dún kúrò ní 5,000 náírà, ó di 15,000. Mélòó nínú wa ló ti béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀ rí? Ìwé tí a ó fi han ọlọ́pàá la kà á sí. Bí ìjàǹbá bá dé, ẹ̀bẹ̀ la ń bẹ ara wa lójú títì. Ta ló túmọ̀ ìwé náà fún wa?

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, iṣẹ́ yín nìyí. Kí àwọn tó ń kọ́ òfin àti àwọn tó ń kọ́ Yorùbá jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní èdè tí awakọ̀ yóò gbọ́. Bí a bá gé igi nínú igbó, kí á fi ọ̀ràn ro ara wa wò.